Wọ́n ní fáàrí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe

Obìnrin kan láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló kọ lẹ́tà yìí, mo ti gé e kúrú: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọmọ ọdún 44 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wàndó. Bàbá mi ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, awakọ̀ Peugeot 504 ni wọ́n, ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu ni wọ́n ń ná. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo fẹ́ ra mọ́tò eré oníjókòó méjì tí wọ́n ń ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn. Mo rí pupa kan ní Kútọnu, ó wù mí gan-an, torí pé mo fẹ́ràn kí n máa wa mọ́tò ni, kì í ṣe torí èèyàn. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ní ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó bá ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ojú ọkùnrin ló ń wá. Ṣé mo jẹ̀bi ni?"

Àbúrò mi, o ò jẹ̀bi ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n jẹ́ n kọ́kọ́ bá ẹ jà díẹ̀. Lẹ́tà ẹ gùn ju èyí tí mo gbé síta yìí lọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lo pe pupa nínú ẹ̀, o ò sọ bí gíà ẹ̀ ṣe rí, o ò sọ bí sítíárìn ẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́, o ò tiẹ̀ sọ pé o ti wà á wò. Ìwọ ọmọ awakọ̀ 504! Tí èmi tó jìnnà bá rí i, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ tó wà nítòsí á ti rí i tipẹ́.

Nǹkan kan ló jẹ́ kí n gbà ẹ́ gbọ́ ṣá. O sọ ọ́ bíi pé kò já mọ́ nǹkan, o ní tó o bá ń wa mọ́tò ọkọ ẹ bọ̀ láti Kétu o máa ń pa rédíò kó o lè gbọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń bèèrè gíà míì, bí bàbá ẹ ṣe kọ́ ẹ. Ẹni tó ń wá ojú èèyàn kì í pa rédíò, ńṣe ló máa yí i sókè.

Torí náà bi ara ẹ léèrè. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, o gba ọ̀nà Sákétè lọ sí Pọ́bẹ̀, o yí padà, o délé káwọn ọmọ tó jí, o ti gééètì, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé o jáde. Ṣé inú ẹ á ṣì máa dùn títí ọ̀sán? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ra mọ́tò ẹ. Tó bá ń dà bíi pé o fi epo ṣòfò torí kò sẹ́ni tó rí ẹ, lọ ra góòlù, góòlù kì í mu epo.

Àmọ́ pupa tó o fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ ọmọ mi mẹkáníìkì ló wò ó, ó ní agbára ẹ́ńjìnnì yẹn lé ní ẹṣin 400, ẹṣin ni wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò. Níbo lo fẹ́ tú ẹṣin 400 sílẹ̀ láàárín Wàndó sí Sákétè, pẹ̀lú ewúrẹ́, kámíọ̀n, àwọn sẹ́mì tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, àti ẹni tó di kpayo, epo fàyàwọ́, mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bí ẹni gbé bọ́ǹbù? Gíà kejì lo máa wà, á máa bú ramúramù, bíbú yẹn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń gbádùn ẹ̀, ìwọ tó wà nínú ẹ̀ bíréékì lò ń tẹ̀. Mọ́tò kékeré tó fúyẹ́, tí agbára ẹ̀ mọ níwọ̀n, òun lo lè lò débi tó mọ láì pa ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo adùn ẹ̀ ọwọ́ ẹ àti ẹsẹ̀ ẹ ló máa wà.

Ọkọ ọmọ mi ní kó o wá Mazda MX-5, mọ́tò kékeré oníjókòó méjì tí wọ́n ń ká òrùlé ẹ̀. Ọdún 1989 ló jáde, àwọn àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹ́ńjìnnì lítà 1.6, táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò lọ bíi ti 504 bàbá ẹ gan-an. Àwọn ará Japan tó ṣe é ní ọ̀rọ̀ kan, jinba ittai, pé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún ti di ara kan, ẹni tó bá ti wo àwọn ẹlẹ́ṣin níbi ọdún Gàní ní Níkì rí á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí gíà ẹ̀ o, kí sítíárìn ẹ̀ sì wà lápá òsì, torí èyí tí wọ́n ṣe fún títì Japan, apá ọ̀tún ni tiẹ̀ wà, tó o bá fẹ́ ya kámíọ̀n sílẹ̀ lọ́nà Pọ́bẹ̀ o ò ní rí iwájú. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005, bi wọ́n ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn ẹ̀ gbẹ̀yìn, ìyẹn bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí 100,000 kìlómítà ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì dáadáa, ihò tí omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ òrùlé aṣọ yẹn máa ń dí, omi á dúró síbẹ̀, ìpẹtà á jẹ ẹ́ láti inú, ẹni tó ń tà á á sì fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ gan-an náà, òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù lójú títì, díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa gùn ún, ọ̀nà ilẹ̀ pupa lásìkò òjò, má tiẹ̀ dán an wò.

Èèyàn á wò ẹ́ o. Mọ́tò tí ò lórùlé kì í kọjá ní Àjàṣẹ́ káwọn ọmọdé má sáré tẹ̀ lé e. Owó orí ẹ nìyẹn, san án, máa lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ náà, kí i, gbé omi fún un, má ṣàlàyé nǹkan kan.

Ọkọ ẹ tó dákẹ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwé ló ń rò, ó lè jẹ́ ẹ̀mí ẹ ló ń bẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ka ìjókòó méjì yẹn tí kò mọ ẹni tí ìkejì wà fún. Bi í lálẹ́ nígbà táwọn ọmọ bá ti sùn, fi iye owó hàn án, má fi ẹyọ kan pa mọ́. Kó o sọ fún un pé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ẹ jọ ń lọ ni.

Ṣùgbọ́n kó o tó sanwó rárá, gbé bàbá ẹ láti Kétu wá. Má sọ iye tí wọ́n ń tà á fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kó o wà á, kí wọ́n pa ojú dé. Tí wọ́n bá ní kó o dúró, kúrò nínú ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́.