Máìkì àyà níbi ìgbéyàwó: aṣọ ta ni ká há a mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, nínú ọgbà kan ní Jabi, níbí ní Abuja. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tirẹ̀, àwa òbí tá a jókòó níwájú pàápàá kò gbọ́ ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ayàwòrán wa ní òun ní máìkì kékeré méjì tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ láyà, pé ká fi ọ̀kan sára ìyàwó, ká fi ìkejì sára ọkọ. Ṣé ìyẹn á tó? Ìyá ìyàwó, Kubwa.

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ náà bá wa láyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán fi tirẹ̀ gba ohùn fún fídíò, ẹ má so ó mọ́ sípíkà. Ọ̀pọ̀ irú máìkì bẹ́ẹ̀, ìgbì rédíò 2.4 GHz tí Wi-Fi àti Bluetooth ń lò náà ni wọ́n ń lò. Bí àlejò bá kún ọgbà tòun ti fóònù wọn, ohùn lè máa já. Ẹni tó ń gbé sípíkà wá fún yín ni kó mú èyí tó ń lo UHF wá, ìyẹn ìgbì rédíò tó yàtọ̀ sí ti Wi-Fi àti Bluetooth.

Ọ̀kan ṣoṣo ló tó fún tọkọtaya, àyà ọkọ sì ni kí wọ́n há a mọ́. Púpọ̀ nínú máìkì àyà kì í yan apá kan, ọ̀tún-òsì ló ń gbọ́. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn, tí wọ́n sún mọ́ra, ohùn ìyàwó á wọlé síbẹ̀. Bí ohùn ọmọ yín bá jẹ́ ohùn jẹ́jẹ́, kí pásítọ̀ gbé máìkì ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn lẹ́nu.

Gbígbọ́ ọ̀tún-òsì yẹn náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí máìkì ọwọ́ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹnu, tí ti àyà wà ní 20, ohùn tó ń dé inú ti àyà á fi nǹkan bí 12 dB (desíbẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń le tó) kéré. A ó wá gbé e sókè ní míkísà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ohùn máìkì, ohun tó ń jáde ní sípíkà á tún wọnú rẹ̀ padà, á tún jáde, á tún wọlé, títí á fi han "hìììì", tí gbogbo èèyàn á ti ìka bọ etí. Sípíkà ńlá kò lè wo èyí sàn. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni kẹ́ ẹ wò: kó wà níwájú tọkọtaya, kó kẹ̀yìn sí wọn, kó kọjú sí àlejò. Bí ọgbà bá gùn, kí wọ́n gbé méjì kékeré sí i sí àárín àlejò. Bí ẹ̀jẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n pa máìkì alága àti ti onílù pátápátá.

Sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 nísàlẹ̀ àgbọ̀n ni kí wọ́n há a sí, lára bùbá, kì í ṣe lára agbádá. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá ká apá agbádá lé èjìká ni aṣọ yóò máa ha máìkì. Mo rántí ọkọ ìyàwó kan ní Gwarinpa tí iyùn rẹ̀ gùn dé àyà. A dán máìkì wò, ó dún ketekete. Àfi bó ṣe tẹ̀ síwájú láti di ọwọ́ ìyàwó mú, tí ìlẹ̀kẹ̀ ń kan orí máìkì, "kọ́, kọ́, kọ́", lé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ lórí. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tá a lè ní kí wọ́n tún jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tán, kó tẹ̀ síwájú, kó yí sọ́tùn-ún sósì, kí n tó gbà pé mo ti dán máìkì wò. Bí ó bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín, kí ẹni tó wà nídìí míkísà pa máìkì náà kí àyà tó kan ilẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ á ti dé, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ lu máìkì. Kí wọ́n fi fóòmù kékeré bò ó lórí. Bátìrì tuntun ni kí wọ́n fi sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ìdána àti ìsìn bá sì jọ bọ́ sí ọjọ́ kan, kí wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.