Ásíìdì pọ̀ ju magnesium lọ, kí ló dé tó fi kọ́kọ́ tán?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú iṣẹ́ àmúrelé wa, wọ́n ní ká fi magnesium gíráàmù 2.4 sínú mílílítà 50 ásíìdì HCl, tí kíki rẹ̀ jẹ́ móòlù 2 nínú lítà kan. Wọ́n ní èwo ló máa kọ́kọ́ tán? Mo kọ magnesium, nítorí 2.4 kéré sí 50. Wọ́n fàgi lé e. Wọ́n tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí gáàsì tó ń jáde bí a bá kọ́kọ́ bu omi mílílítà 50 kún ásíìdì náà. Mo ní á dín kù sí ìdajì. Wọ́n fàgi lé ìyẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ibì kan náà lo ti ṣì í nínú méjèèjì. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú rẹ lo wò, o ò ka ohun tó wà nínú ife. Gíráàmù ń sọ bí nǹkan ṣe wúwo tó, mílílítà ń sọ àyè tó gbà. A kì í fi ọ̀kan wé èkejì. Àwọn átọ́mù pàápàá ò mọ gíráàmù, iye ni wọ́n mọ̀. Magnesium kan, HCl méjì, bí wọ́n ṣe ń pàdé nìyẹn:

Mg + 2HCl → MgCl₂ + H₂

(Mg ni magnesium, HCl ni ásíìdì náà, H₂ ni háídrójìn, gáàsì tó ń jáde.)

Ta ló wá fẹ́ máa ka átọ́mù níkọ̀ọ̀kan? Bí ohun tí a ń kà bá ti pọ̀ jù, ńṣe la máa ń dì í. Dọ́sìn kan jẹ́ 12, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ìdì ni móòlù náà, àmọ́ ìdì gọbọi ni: 6.02 × 10²³. (Ní 2019 ni wọ́n fi iye rẹ̀ múlẹ̀ gẹ́lẹ́ sí 6.02214076 × 10²³. Kó tó dìgbà yẹn, iye átọ́mù tó wà nínú gíráàmù 12 kábọ́nì-12 ni wọ́n ń lò.) O ò ní fi nọ́ńbà gígùn yẹn ṣe nǹkan kan níbí. Ohun tó wúlò fún ọ ni pé ìdì magnesium kan wọn gíráàmù 24, ìdì HCl kan wọn 36.5. Òṣùwọ̀n ló ń bá wa kà á.

Magnesium rẹ, 2.4 ÷ 24, móòlù 0.1 nìyẹn.

Ásíìdì ńkọ́? Móòlù 2 nínú lítà kan túmọ̀ sí pé, ká ní odidi lítà kan ló wà lọ́wọ́ rẹ, HCl móòlù 2 ló máa wà nínú rẹ̀. Lítà 0.05 péré lo ní. 2 × 0.05 = móòlù 0.1, ìyẹn gíráàmù 3.65. Omi ló gba gbogbo àyè yòókù. Àádọ́ta tó tàn ọ́ jẹ yẹn, omi ló fẹ́ ẹ lójú.

Ibí yìí gan-an làwọn mìíràn máa ń ṣubú sí. Wọ́n á ní 0.1 àti 0.1 dọ́gba, àwọn méjèèjì á jọ tán. Rárá o. Ká ní kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́wàá wà nílẹ̀ tí kò ní táyà, táyà mẹ́wàá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mélòó lo máa rí gùn níbẹ̀? Márùn-ún. Táyà tán, kẹ̀kẹ́ márùn-ún jókòó sílẹ̀. 2 tó wà níwájú HCl nínú ìdọ́gba wa ni táyà méjì yẹn. Magnesium móòlù 0.1 ń béèrè HCl móòlù 0.2, ìdajì rẹ̀ ló sì rí.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa ń fi nọ́ńbà tó wà níwájú ohun kọ̀ọ̀kan pín móòlù rẹ̀. Magnesium, 0.1 ÷ 1 = 0.1. HCl, 0.1 ÷ 2 = 0.05. Èyí tó bá kéré jù ló máa kọ́kọ́ tán, òun náà ló sì máa sọ iye gáàsì tó máa jáde. Níbí, háídrójìn móòlù 0.05 ni. Nínú yàrá tí kò gbóná tí kò tutù, móòlù gáàsì kan ń gba nǹkan bíi lítà 24, nítorí náà lítà 1.2 lo máa rí. Magnesium gíráàmù 1.2 á ṣẹ́ kù. (Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni pé nọ́ńbà méjèèjì jọra.)

Bí ẹ bá ṣe é ní láàbù, lójú olùkọ́ yín, tí iná kò sì sí nítòsí, wàá fojú ara rẹ rí i. Á kọ́kọ́ hó yèè, ife á gbóná. Nígbà tó bá yá, ìfóòfó á rọlẹ̀, á ku ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á wá dákẹ́. Wo ìsàlẹ̀ ife: magnesium ṣì wà níbẹ̀. Kán ásíìdì díẹ̀ sí i, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ọ̀rọ̀ omi wá kù. Omi tí o bù kún un kò gbé HCl kankan wá, kò sì mú ìkankan lọ. Gbogbo rẹ̀ di mílílítà 100, kíki rẹ̀ já sí móòlù 1 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n 1 × 0.1 ṣì jẹ́ móòlù 0.1. Lítà 1.2 kan náà ni gáàsì rẹ. Ohun tó yí padà ni pé ásíìdì ti túká, kì í kan magnesium lára lemọ́lemọ́ mọ́, nítorí náà híhó náà á falẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ: kíki ti dín kù sí ìdajì, kí gáàsì náà dín kù. Ìgbà tó máa rí bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí o bá da mílílítà 25 nù nínú ásíìdì náà, tí o wá fi omi mílílítà 25 rọ́pò rẹ̀. Kíki ìyẹn náà á jẹ́ 1, àmọ́ HCl móòlù 0.05 ló kù níbẹ̀, gáàsì á sì jẹ́ lítà 0.6. Kíki kan náà, gáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

(Ásíìdì tó ki gan-an ńkọ́? A kì í da omi lé e lórí o. Ásíìdì la máa ń rọra dà sínú omi, kó má baà ta síni lójú.)

Tí o bá sì fẹ́ kí magnesium gíráàmù 2.4 yẹn tán pátápátá, HCl móòlù 0.2 lo nílò: 0.2 ÷ 2 = lítà 0.1, ìyẹn mílílítà 100 ásíìdì tí wọ́n fún yín, láìbu omi kún un.