Ṣé mo lè gun kẹ̀kẹ́ dé téṣọ̀n kí n wọ reluwé lọ síbi iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá. Thamesmead ni mò ń gbé ní London níbí, ọ́fíìsì mi wà ní Whitechapel, aago mẹ́sàn-án la máa ń bẹ̀rẹ̀, a ń ṣíwọ́ láago márùn-ún. Mọ́tò ni mò ń wà lọ, ṣùgbọ́n góósúlóò Blackwall Tunnel, ọ̀nà mọ́tò tó gba abẹ́ odò Thames, àti owó tí wọ́n tún ń gbà níbẹ̀ báyìí ti sú mi. Ọmọ mi ní kí n ra kẹ̀kẹ́ kí n máa gbé e wọ reluwé. Ṣé ó ṣeé ṣe fún ẹni ọdún 49? Ojú tiẹ̀ ń tì mí díẹ̀.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ó ṣeé ṣe dáadáa, ibì kan péré lọmọ yín ti ṣì í: ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ wọ reluwé. Elizabeth Line, reluwé tí ẹ máa wọ̀ ní téṣọ̀n Abbey Wood lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thamesmead, kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká láàárín 7:30 sí 9:30 láàárọ̀ àti 4:00 sí 7:00 nírọ̀lẹ́, Monday sí Friday, ìgbà yẹn gan-an lẹ̀ ń lọ tí ẹ sì ń bọ̀. Oníbátìrì tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí kò bá ti ṣeé ká, wọn ò gbà á wọ reluwé TfL (àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London) mọ́ nígbàkigbà láti ìparí March 2025, lẹ́yìn tí ọ̀kan gbiná ní téṣọ̀n Rayners Lane.

Ẹ gun kẹ̀kẹ́ dé téṣọ̀n, ẹ so ó síbẹ̀, ẹ wọ reluwé, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ti dé Whitechapel. Iṣẹ́ ètò ìrìnnà ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe reluwé ló ń lé àwọn ará Thamesmead sínú mọ́tò, téṣọ̀n ni ò sí nínú Thamesmead, ẹ máa dúró de bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì á tún yí àdúgbò ká kó tó débẹ̀. Ibi kékeré yẹn ló ń ba gbogbo ọ̀nà jẹ́, ibẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ ti wúlò. Orí àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ò ní làágùn púpọ̀.

Ní ti owó, £4 ni tunnel láàárọ̀ tí ẹ bá ń lọ, £4 nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń bọ̀, £8 lójúmọ́, £40 lọ́sẹ̀, ẹ ò tíì ra epo, ẹ ò tíì san owó páàkì. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó reluwé kí ẹ wò ó.

Ẹ má tíì lọ ra kẹ̀kẹ́ o! Ẹ béèrè lọ́wọ́ HR bóyá wọ́n ń ṣe Cycle to Work. Wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ fún yín, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù yín kí wọ́n tó yọ owó orí, ẹni tó ń san owó orí 20% àti National Insurance 8% (owó ìjọba míì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù) á rí bíi £224 fi pamọ́ lórí kẹ̀kẹ́ £800, àfi owó kékeré tí wọ́n lè gbà níparí.

Àgádágodo ni kí ẹ má ṣahun sí. Wọ́n ti jí kẹ̀kẹ́ mi rí ní téṣọ̀n kan, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi so ó, wọ́n gé e bí ẹní gé ewédú. D-lock méjì ni kí ẹ rà, ìyẹn àgádágodo onírin líle tó rí bíi lẹ́tà D, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Sold Secure Gold sí lára, àmì pé wọ́n ti dán an wò pé ó le, ẹ fi so férémù àti táyà mọ́ irin, kí ẹ sì forúkọ kẹ̀kẹ́ yín sílẹ̀ lórí BikeRegister, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nítorí olè, ọ̀fẹ́ ni. Tílẹ̀ bá ti ṣú, òfin ní kí iná funfun wà níwájú, pupa lẹ́yìn.

Ti ìtìjú yẹn, ó yé mi, lójú àwọn èèyàn wa ẹni tí ò rówó mọ́tò ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n Raleigh ni bàbá mi ń gùn lọ síbi tó ti ń ṣe tíṣà, gbogbo àdúgbò ló sì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Tó bá ti pẹ́ tí ẹ gùn ún, ọ̀pọ̀ council ní London ló ń kọ́ àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ pè wọ́n. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra gùn ún dé Abbey Wood kí ẹ gùn ún padà, ẹ wo aago yín, kí ẹ tó fi lọ síbi iṣẹ́ ní Monday.