Kí ni ìtumọ̀ «Odi et amo», kí sì ni gírámà ń wá nínú ewì ìfẹ́?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kọ́ èdè Látìn, ó sì ní olùkọ́ àwọn sọ pé inú gírámà ni ẹwà ewì «Odi et amo» wà. Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí? Báwo sì ni gírámà ṣe ń di ẹwà?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ewì tí a fún ní nọ́ńbà 85 nínú àkójọ ewì Catullus, akéwì ọmọ ìlú Verona tí ó gbé ní Róòmù ní ọ̀rúndún kìíní ṣáájú ìbí Jésù. Ìlà méjì péré ni ewì náà:

Odi et amo. Quare id faciam, fortasse requiris.
Nescio, sed fieri sentio et excrucior.

Ohun tí ó ń sọ kò fara sin: mo kórìíra, mo sì nífẹ̀ẹ́, bóyá o ń béèrè ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣẹlẹ̀, oró rẹ̀ sì ń jẹ mí. Bí a bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni tí ìfẹ́ ti dà láàmú lè sọ ni, olùkọ́ yẹn kò sì ní rí nǹkan kan tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Lesbia, orúkọ tí akéwì yìí fi ń pe olólùfẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ewì mìíràn, kò hàn rárá. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjì àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí ó máa ń gba àbọ̀, síbẹ̀ akéwì kò fún wọn ní àbọ̀ kankan, tí ó fi jẹ́ pé a kò mọ ẹni tí ó kórìíra, a kò sì mọ ẹni tí ó fẹ́; ìmọ̀lára nìkan ni ó kù nílẹ̀.

Ibí yìí ni èdè tiwa ti ń ṣòro fún atúmọ̀. «Nífẹ̀ẹ́» ní ọ̀rọ̀-orúkọ nínú, nítorí ní ìfẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni «kórìíra», kó ìríra. Ẹni tí ó bá sọ pé «mo nífẹ̀ẹ́» tí ó sì dákẹ́, ńṣe ni a ó bi í pé, «Ta ni?» Bákan náà, «àti» wa kì í so ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pọ̀, «sì» ni a ń lò, «sì» náà yóò sì fi dandan mú wa pe «mo» lẹ́ẹ̀mejì. Ní Látìn, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti wà nínú ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà «et» kékeré yẹn nìkan ni ó dúró láàárín ìkórìíra àti ìfẹ́.

Nígbà tí a bá sì ń ka ìlà náà sókè gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ewì ṣe béèrè, fáwẹ́lì ìparí «odi» kì í jáde: «od' et amo» ni etí ń gbọ́. Ìpajẹ ni èyí, irú èyí tí ó sọ «ní ilé» di «nílé» lẹ́nu wa, kò sì yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbọ́ bí ìkórìíra ṣe ń wọnú ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ìpajẹ kan náà tún ṣẹlẹ̀ nínú «sentio et» ní ìlà kejì.

Ibi tí mo rò pé olùkọ́ náà ń tọ́ka sí gan-an ni «faciam» àti «fieri». Látìn máa ń lo «fieri» gẹ́gẹ́ bí ìdojúdé «facere», ìyẹn «ṣe»: nínú «faciam», èmi ni mo ń ṣe nǹkan, nínú «fieri», nǹkan ni a ń ṣe, ọwọ́ mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Olùbéèrè inú ewì rò pé ẹni tí ó ń ṣe é mọ ìdí rẹ̀, ìdáhùn akéwì sì ni pé òun kọ́ ni òun ń ṣe é. Nígbà tí a bá dé «excrucior», ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bí alágbára ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di ẹni tí a ń dá lóró. «Crux», igi ìdálóró tí àwọn ará Róòmù ń kan ẹrú mọ́, ni gbòǹgbò rẹ̀.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn náà dà bí ojú àti dígí: «requiris» kọjú sí «nescio» níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, «faciam» kọjú sí «fieri», «odi et amo» sì kọjú sí «sentio et excrucior». Lẹ́tà Gíríìkì tí ó rí bí X ni wọ́n fi sọ ọnà-èdè yìí lórúkọ, àwọn kan sì ní àgbélébùú inú «excrucior» ni akéwì ń yà. Ní tèmi, ìyẹn ti jù; dígí náà tó.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè fẹ́ kí ó sì kórìíra, kí ó ka ewì 72. Níbẹ̀ ni Catullus ti sọ fún Lesbia pé òun fẹ́ràn rẹ̀ nígbà kan bí bàbá ṣe fẹ́ràn àwọn ọmọ àti àwọn ọkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí tí òun ti mọ̀ ọ́n, ìfẹ́ ara ń pọ̀ sí i, inúure sì ń dín kù.

Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ ìlà méjèèjì náà:

Mo kórìíra, mo sì fẹ́. Bóyá o ń bi mí pé èé ṣe tí mo fi ń ṣe é.
N kò mọ̀. Ó ń ṣe mí ni, mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì ń joró.

«Ìríra», «ara» àti «oró» ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ tí Catullus kò lò. Ṣùgbọ́n «mo ń ṣe é» tí ó yí padà di «ó ń ṣe mí», gbólóhùn tí a ń lò fún àìsàn, súnmọ́ «faciam» àti «fieri» ju bí mo ti rò lọ.