Ìbéèrè àti ìdáhùn: Àwòrán sátẹ́láìtì pupa, ṣé iná ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Èkìtì?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan wá sí àdúgbò wa pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ fi àwọn erékùṣù Indonéṣíà hàn wá, níbi tí ẹnu òkè ayọnáyèéfín ti ń pọ́n bí ẹ̀yin iná. Lẹ́yìn náà ló gbé àwòrán Èkìtì jáde: láti Ẹfọ̀n dé Ìkọ̀gọ̀sì, pupa fòò ni gbogbo rẹ̀. Ó ní iná kan náà ló wà lábẹ́ wa, pé òun ló ń mú omi Ìkọ̀gọ̀sì gbóná, àti pé kí onílé kọ̀ọ̀kan sanwó kí òun lè fi sátẹ́láìtì yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Èmi ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ní tèmi. Ṣé kí n dúró? Èló ló yẹ kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ṣé áàpù sì wà tí mo lè fi máa wo òkè ayọnáyèéfín bó ṣe ń yọ iná lọ́wọ́?
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀rìnjìyàn-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ pe bíríkìlà yín padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ bi mí ní iye tó yẹ kí àyẹ̀wò náà jẹ́. Àyẹ̀wò wo? Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn tó lè fi yẹ ilẹ̀ wò. Àwòrán méjì tí kò bára tan ló gbé síwájú yín, tó ní kí ẹ fi ọ̀kan ka èkejì. Irú lẹ́tà yìí ti ń pọ̀ jù lórí tábìlì mi, ó sì ti ń bí mi nínú, torí náà ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ pupa yìí palẹ̀ dáadáa.

Sátẹ́láìtì kì í ya fọ́tò bí fóònù ọwọ́ yín ṣe ń yà á. Ṣe ló ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ilẹ̀ bọ̀, ní ìpín ìpín. Ìpín kọ̀ọ̀kan là ń pè ní báńdì. Ojú èèyàn lè rí àwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn, tí à ń pè ní infrared, ojú wa kò lè rí wọn rárá. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni kọ̀ǹpútà ní tó fi ń kun àwòrán: pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló máa pinnu báńdì tí yóò fi sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ènìyàn ló ń pín àwọ̀, ilẹ̀ kọ́. Bí mo bá fẹ́, mo lè sọ Èkìtì di pupa láàárọ̀, kí n sọ ọ́ di búlúù lọ́sàn-án, láìfọwọ́ kan nǹkan kan nínú ohun tí sátẹ́láìtì wọ̀n.

Nínú àwòrán Èkìtì tí wọ́n fi hàn yín, infrared tó súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ni wọ́n fi sínú pupa. Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa gidi mì, ṣùgbọ́n ó máa ń da infrared yẹn padà lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbi tí ewé bá ti kún jù, ibẹ̀ ni yóò pọ́n jù. Bí àwa oníṣẹ́ yìí ṣe ń wo igbó àti oko nìyẹn, ó ti pẹ́. Àní sátẹ́láìtì ìjọba wa àkọ́kọ́ tó ń ya àwòrán ilẹ̀, NigeriaSat-1, tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, báńdì mẹ́ta péré ló ní: àwọ̀ ewé, pupa, àti infrared yìí. Kò ní búlúù rárá. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde, igbó a máa pọ́n. Ṣé gbogbo Nàìjíríà ló wá ń jó nígbà náà?

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín, mo ṣí àwòrán agbègbè yín lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì to báńdì rẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe tò ó. Oko kòkó àti igbó ńlá ẹ̀gbẹ́ òkè pọ́n gidigidi. Òrùlé páànù nínú ìlú funfun díẹ̀, ó tún ní búlúù nínú. Àpáta tó yọrí síta láìsí ewé lórí ṣe bí eérú. Oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun láti fi gbin iṣu ńkọ́? Ó dúdú! Ibi tí iná ti jó gan-an ni pupa ti kúrò. Ẹ wá bi ọkùnrin yẹn léèrè irú iná abẹ́ ilẹ̀ tó jẹ́ pé abẹ́ kòkó nìkan ló mọ̀ ọ́n jó, tó ń yẹra fún àpáta, tó sì ń sá kúrò níbi tí wọ́n bá ti dáná sungbó.

Ti Indonéṣíà yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti ara Sentinel-2, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, ni wọ́n ti mú un. Infrared mìíràn ni wọ́n fi sínú pupa tibẹ̀, èyí tí ohun gbígbóná gidi máa ń tú jáde fúnra rẹ̀. Àpáta yíyọ́ lè gbóná ju 1,000 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn yòò níbẹ̀. Bí ẹ bá rántí àwòrán náà dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ewé ni igbó tó yí òkè náà ká. Nínú ti Èkìtì, igbó ló pọ́n. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní to irú àwòrán méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ láìsọ ìyàtọ̀ wọn.

N kò ní kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ sátẹ́láìtì o. Indonéṣíà ní erékùṣù tó ju 17,000 lọ, òkè ayọnáyèéfín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì lé ní 120. Ta ni yóò máa wọkọ̀ ojú omi yẹ gbogbo ìyẹn wò lójoojúmọ́? Sátẹ́láìtì Himawari ti ilẹ̀ Japan ń ya agbègbè náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè, ó sì ń rí eérú bó ṣe ń fò. Òmíràn ń wọn gáàsì imí ọjọ́. Àwọn tó ń lo rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wo ilẹ̀ kódà bí ìkùukùu bá bò ó, ń fi àwòrán ọjọ́ kan wé ti ọjọ́ mìíràn láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ wú tàbí ó rì, bó tilẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọn bí ilẹ̀ ṣe yí padà ní erékùṣù Fogo, ní Cape Verde, nígbà tí òkè ibẹ̀ bú gbàù ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, tí àpáta yíyọ́ sì bo abúlé Portela àti Bangaeira.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Anak Krakatau, òkè ayọnáyèéfín kan láàárín òkun ní Indonéṣíà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2018, apá kan òkè náà wó sínú òkun, ìgbì omi sì pa èèyàn tó ju 400 lọ ní etíkun Java àti Sumatra. Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó ké sí wọn ṣáájú. Ìkùukùu àti eérú bo ojú òkè náà, rédà ló wá fi hàn lẹ́yìn náà pé ó ti wó. Gíga rẹ̀ já láti mítà 338 sí nǹkan bíi 110. Bí àwọn tó ń gbé lábẹ́ òkè tó ń yọná gan-an kò bá rí ìkìlọ̀ gbà lọ́jọ́ náà, ẹnì kan kò lè jókòó sí Ẹ̀rìnjìyàn kó fi tábúlẹ́ẹ̀tì sọ ohun tó wà lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé yín. Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí kì í wo inú ilẹ̀. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Omi Ìkọ̀gọ̀sì kò nílò òkè ayọnáyèéfín kó tó gbóná. Òjò ló ń gba inú àwọn àpáta tó sán ní agbègbè Ẹfọ̀n wọlẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń jìn sí i ló ń gbóná sí i, níbi gbogbo láyé, omi náà á sì gba ojú sísán mìíràn padà wá sókè. Àpáta Èkìtì ti dàgbà ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Òkè ayọnáyèéfín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tó súnmọ́ wa jù ni Òkè Kamẹrúùnù, tó yọná ní 1999 àti 2000, ó sì jìnnà sí wa dáadáa.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: n kò tíì tẹ ilẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ mi yìí kì í sì í ṣe ìwé àyẹ̀wò. N kò sọ pé ilẹ̀ kì í mì ní Yorùbá. Ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè ayọnáyèéfín. Bí ilẹ̀ yín bá rọ̀, tàbí tó wà lẹ́sẹ̀ òkè tó dà gẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà tó máa gbẹ́ ilẹ̀ wò ni kí ẹ sanwó fún.

Ní ti áàpù, kò sí èyí tó máa fi òkè ayọnáyèéfín gbogbo hàn yín bíi tẹlifíṣọ̀n. Sentinel-2 máa ń padà sí ojú kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ lọ sí Copernicus Browser lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè yan báńdì fúnra yín. FIRMS, ìkànnì NASA, àjọ ojú òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà wà, ó ń fi ibi tí nǹkan ti gbóná hàn. Bí ẹ bá rí àmì pupa tó tò lọ bẹẹrẹ ní Èkìtì ní oṣù kìíní, àwọn tó ń sungbó nìyẹn. Tí ọkùnrin yẹn bá tún dé, ẹ bi í ní orúkọ sátẹ́láìtì náà, ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán, àti báńdì tó fi sínú pupa. Tó bá sì ti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ kó wọn lọ sí téṣàn.