Ẹ Bi Ìyá Dùùrù: Gbọ̀ngàn Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Ìyáàlù Mì

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Dùùrù. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì. Orin tí mo fẹ́ fi ṣe àṣekágbá jẹ́ ti ẹgbẹ́ akọrin àti ìyáàlù dùndún tó ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí à ń ṣe rìhásà lábẹ́ igi lẹ́yìn ẹ̀ka wa, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Ìgbà tí a wọ gbọ̀ngàn ńlá, ohùn akọrin dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìlù kàn ń pariwo ni, kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ká gbé máìkì sí i, ó tún wá burú sí i. Àwọn kan ti ń sọ pé onílù mi kò mọṣẹ́. — Ẹni Tí Ìlù Dà Láàmú*

Ọmọ mi, má dá onílù rẹ lẹ́bi. Wọ inú gbọ̀ngàn yẹn nígbà tó bá ṣófo, dúró láàárín, pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí o wá máa fetí sí bí ohùn yẹn ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń já geere, kì í sábà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹgbẹ́ akọrin ní tiwọn fẹ́ kó tó méjì, torí ohùn tó ṣẹ́kù sókè yẹn ló ń so ohùn obìnrin pọ̀ mọ́ ti ọkùnrin, òun náà ló ń bo àṣírí ẹni tó mí níbi tí kò yẹ kó ti mí. Ohun tó ń gbé akọrin rẹ ga gan-an ló ń pa ìyáàlù.

Ìwọ wo ohun tí onílù ní lọ́wọ́. Àwa tí à ń fẹnu sọ̀rọ̀ ní b, ní k, ní gb, tí etí lè dì mú bí ilé bá tiẹ̀ ń dún. Ìlù kò ní ìkankan nínú wọn. Ohùn òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀, àti yíyọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kò ní ju ìyẹn lọ. Bó bá lu ohùn òkè, tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí ti òkè sì ṣì ń rìn kiri lára ògiri, àwọn méjèèjì á dàpọ̀ mọ́ra. Wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú gbọ̀ngàn tiyín yẹn, ọ̀mọ̀ràn gan-an á kàn máa wojú ni. Mo wà níbi rìhásà kan tí bàbá onílù ti dáwọ́ dúró lójijì, tó gbé kọ̀ǹgọ́ sórí itan, tó ní, “Ẹ jẹ́ kí ilé yìí parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí n tó sọ tèmi.”

Ìta gbangba ni wọ́n ń lu dùndún láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójúde àti lágbàlá, ohùn a máa jáde, kì í padà wá bá ẹni tó lù ú. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Odùduwà Hall ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀: yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn tó wà nínú ilé, ó ní ìjókòó gbangba lábẹ́ ọ̀run, kóníkálukú mú ibi tó bá orin rẹ̀ mu. Nígbà tí yunifásítì yẹn kan náà sì dá Orí Olókun, ibùdó àṣà àti eré orí ìtàgé, sílẹ̀ ní 1968, ìgboro ni wọ́n gbé e lọ. Àwọn aláṣẹ wa òde òní, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ́ fún ìwàásù, ìdánwò, ìgboyè, ìgbéyàwó àti orin, wọ́n á wá máa béèrè ìdí tí kò fi dùn.

Kì í ṣe àwa nìkan náà ṣá. Ní 1895, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ilé Fogg tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ olùkọ́ níbẹ̀, torí ohùn máa ń dún nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì kan, Wallace Sabine, wá nǹkan ṣe sí i. Ó ń kó tìmùtìmù ìjókòó wá láti Sanders Theatre, gbọ̀ngàn mìíràn ní Harvard, lóru, ó ń tẹ́ wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi fèrè kan irú ti dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì dán ilé náà wò, ó ń fi aago wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó. Ó rí i pé tìmùtìmù máa ń mu ohùn, ara èèyàn náà sì ń mu ún. Sabine yìí náà ni wọ́n pè kó ṣètò bí ohùn ṣe máa rí nínú Symphony Hall, gbọ̀ngàn orin ní Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900.

Nítorí náà, gbọ̀ngàn tó ṣófo lónìí kò ní dún bákan náà lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí yín bá wọ agbádá àti gèlè kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Mú onílù kúrò lẹ́yìn akọrin, kó bọ́ síwájú, kó sún mọ́ èrò dáadáa. Fa kọ́tìnnì tó nípọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbé máìkì yẹn kúrò, torí spíkà ló ń ju ohùn lu ògiri ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fi dandan lé e, kí máìkì jìnnà tó ìwọ̀n apá kan sí ojú ìlù. Bó bá sún mọ́ jù, ṣaworo ni gbogbo ohun tí ẹ máa gbọ́.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìwọ tó kọ orin. Níbi tí ìlù bá ti ń sọ̀rọ̀, kí akọrin pa ẹnu mọ́. Kí gbólóhùn ìlù kúrú, kó má sáré. Èmi máa ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní máàkì, ẹni tó bá kọ orin rẹ̀ kó bá ilé mu ni mo máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

*Ìyá wa, títì pa ni sítúdíò ẹ̀ka wa wà láti ìgbà tí a ti wọlé. A wá lẹ kíréètì ẹyin mọ́ gbogbo ògiri yàrá wa ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì ká lè máa gba orin sílẹ̀. Síbẹ̀, yàrá kejì ń fẹjọ́ wa sun pọ́tà, jẹnẹrétọ̀ ìta sì ń wọ inú orin wa. — Aláriwo Méjì*

Ẹ kọ́kọ́ yọ kíréètì yẹn. Páálí ni, iná fẹ́ràn rẹ̀, aáyán náà fẹ́ràn rẹ̀. Kò sì dí ohùn lọ́nà rárá; ó kàn ń mu díẹ̀ nínú ohùn tínrín ni, báàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó wúwo tí kò sì ní ihò ló ń dí ohùn. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn yín: bí ìka bá lè gba ibẹ̀, ohùn yín ń gba ibẹ̀ lọ bá yàrá kejì. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kò wọ́n.

Ti kí yàrá má máa dún, ẹ gbé fóòmù ibùsùn yín dúró ti ògiri, ẹ ṣí kábọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀, kí akọrin kọjú sí i. Máìkì orin tó wọ́pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé. Kí ẹnu sún mọ́ ọn. Ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì lo bátìrì kọ̀ǹpútà, kí hùùù iná NEPA má bàa wọlé.

Ní ti sítúdíò, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka, kí ẹ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ kí i dáadáa. Nínú ọgbà yunifásítì, onítọ̀hún lágbára ju ẹni tó jókòó sórí àga ńlá lọ.

*Ẹ̀yin Ìyá Dùùrù, kí ló dé tí dùùrù wa máa ń ṣì ohùn bí ọyẹ́ bá ti dé? — Ọ̀gá Akọrin*

Igi ni, sà. Pátákó tó ń gbé ohùn nínú rẹ̀ máa ń sún kì bí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, á sì wú bí òjò bá dé, bẹ́ẹ̀ okùn tó lé ní igba ló ń fà á. Ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé àti lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Amúlétutù tí ẹ ń tàn lọ́sàn-án tí ẹ ń pa lóru burú ju kó má sí lọ. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ lọ tán kí ẹ tó pe ẹni tó ń tún un ṣe, kí ẹ sì máa pa á dé lálẹ́, torí eku fẹ́ràn fẹ́ẹ̀tì, aṣọ onírun tó nípọn, tó wà nínú rẹ̀.