Èsì: Àwọn ọmọ tó ń mú nǹkan ẹlòmíì láìtọrọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ ní àwọn ọmọ kíláàsì yín ń mú pẹ́ńsù àti írésà ara wọn láìtọrọ, ẹ bá wọn wí títí, wọn ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ọmọ kankan ní olè. Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ààlà ni, orúkọ tí ẹ bá sì sọ ọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè kúrò lára rẹ̀.

Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ: "Jọ̀ọ́, ṣé kí n lo pẹ́ńsù rẹ?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò ní méjì-méjì, kí ẹnìkejì sì dáhùn "Rárá" nígbà míì. Ìdí "rárá" yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà! Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ̀ ọ́n tọrọ, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá fún un, ó di jíjágbà.

Ẹni tó bá ya ìwé ẹlòmíì, kí ó jókòó lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà (ẹ má bínú o), ẹ máa tọrọ kí ẹ tó mú rúlà lórí tábìlì ọmọ. Nǹkan tí wọ́n bá rí he, ẹ gbé páálí kan sílẹ̀ fún un.